Ọ̀gá tó mọ̀nà, ìrìn-àjò tó lérè: Bí ọ̀dọ́ Ẹdẹ tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀ ṣe lè kọ́gbọ́n

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò wọ́n nílùú Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Polí Ẹdẹ sílẹ̀ ní 1992. Yunifásítì Redeemer's, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ti fi Ẹdẹ ṣe ibùjókòó, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Adeleke gba àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2011. Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ń jáde láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìjọba kò kárí wọn rárá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni pé àwọn yóò dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìjọba pàápàá ti fi ẹ̀kọ́ nípa dídá okòwò sílẹ̀ kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ polí àti yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kò lè dá a ṣe. Olùkọ́ lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè àti àdánù. Kò rọrùn fún un láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ oníbàárà tí kò ní san gbèsè kó tó gbé ọjà lọ, tàbí ìgbà tó yẹ kéèyàn ra ọjà pamọ́ àti ìgbà tó yẹ kó yáa tà á kó jẹ́ kó lọ. Ibi méjì ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wà: ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ti ṣòwò pẹ́, àti ojú ọ̀nà àjò. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni bí méjèèjì ṣe ń kọ́ni, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọn wọlé, àti ohun tó ń sọ wọ́n di òfò.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn baba wa

Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ní ètò tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ sínú iṣẹ́ àti òwò. Ẹgbẹ́ Pàràkòyí ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti àwọn ìlú mìíràn. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, inú agbo ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fẹ́ná fún bàbá rẹ̀ kó tó di òòlù mú. Ọmọ àyàn a máa lu omele kí wọ́n tó gbé ìyáàlù lé e léjìká. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ojú ni ọmọ fi ń wò, ọwọ́ ló fi ń ṣe é, ẹnu ló sì fi ń bèèrè.

Nígbà tí iṣẹ́ tuntun bíi télọ̀, mẹkáníìkì, wẹ́dà àti fótò yíyà dé, ètò yìí kúrò nínú agbo ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn á jọ ṣe àdéhùn lórí owó ìkọ́ṣẹ́ àti iye ọdún, ẹnìkan á dúró fún ọmọ náà. Bí ọdún bá pé, wọn á ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un: ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbàdúrà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ á jẹ́rìí sí i, wọn á sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Ẹdẹ tàbí ìlú Yorùbá mìíràn.

Àléébù kan wà nínú ètò náà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kì í kọ́ ọ lówò. Wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ hàn án, wọn kò ní jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra òwú àti bọ́tìnnì ní ẹ̀dínwó. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀, wọn kò ní jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Ọmọ náà á gba fírídọ̀ọ̀mù tán, iṣẹ́ á dá a lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kógbá sílé. Ohun tó pa òwò rẹ̀ kì í ṣe àìmọṣẹ́. Iye tó yẹ kó gbà àti iye tó ń ná ni kò mọ̀.

Àwọn Òṣómàáló

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ àwọn tó kọ́ ọmọ ní òwò fúnra rẹ̀, a kò ní láti lọ jìnnà sí Ẹdẹ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ni, àwọn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Òṣómàáló. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń gbé aṣọ kiri láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Inú ìlérí wọn ni orúkọ náà ti jáde: orí òṣóó ni àwọn yóò wà títí ajigbèsè yóò fi sanwó.

Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ ṣe òwò náà kò ní bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò tẹ̀lé ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀, yóò bá a ru ẹrù aṣọ, yóò sì máa kíyè sí i. Lójú ọ̀nà ni yóò ti mọ àkókò tí owó kòkó ń wọlé, àwọn abúlé tó ń sanwó dáadáa, àti bí wọ́n ṣe ń bèèrè gbèsè láìba ọ̀rẹ́ jẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bá rí i pé ó ṣe é fọkàn tán, yóò fa aṣọ díẹ̀ lé e lọ́wọ́ kó lọ tà. Ọ̀gá kò fi ọgbọ́n pamọ́ fún un, nítorí bí ọmọ náà bá jẹ gbèsè, owó ọ̀gá ló run. Èrè ọmọ àti èrè ọ̀gá so mọ́ ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ètò náà wà.

Ohun tí àjò ń kọ́ni

Ẹdẹ kì í ṣe ìlú tí àjò ṣàjèjì sí. Nígbà tí ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 tẹ̀síwájú dé Òṣogbo ní 1907, àárín Ẹdẹ ló gbà kọjá. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún ọmọ Ẹdẹ láti kó ọjà lọ sí Èkó kó sì kó òmíràn bọ̀. Nígbà tí ọ̀nà tún já dé òkè, wọ́n ń gbà á lọ sí ilẹ̀ Haúsá.

Àwọn ará agbègbè náà kò mọ sí Nàìjíríà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Èjìgbò, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Títí di òní, ẹni tó bá dé Èjìgbò yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn tó wá sílé láti Abidjan. Àwọn ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Inísà àti ìlú mìíràn kún ọjà ilẹ̀ Gánà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ yóò mú àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti ilé, ọmọ náà á bá a ta ọjà fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fún un lówó láti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹ ó rí i pé àjò àti ọ̀gá kò ya ara wọn. Ẹni tó lọ sí ìdálẹ̀ láìní ẹni tí yóò fọ̀nà hàn án, àlejò ló máa ń jẹ́ níbẹ̀.

Àjò tún kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan tó korò. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà bá jù, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọn kò tíì rí gbà sílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé tàbí tó ti fi díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ ránṣẹ́ sílé ló rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n orí kò ṣe é gbà lọ́wọ́ ẹni, àwọn tó mọ òwò sì tún padà rí ọjà ṣe nílé. Ṣùgbọ́n àìní ìwé ti kó bá ọ̀pọ̀ wọn.

Mẹ́ta nínú àwọn tó ṣe é

Alhaji Rasaq Okoya, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, kò kàwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìránṣọ pẹ̀lú, ló ti kọ́ òwò. Ó ti ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé 20 pọ́n-ùn tí òun tọ́jú, àti 50 pọ́n-ùn tí ìyá òun yá òun, lòun fi ránṣẹ́ ra ọjà láti Japan nígbà tí òun ṣì kéré. Ṣùgbọ́n kò dúró síbi kíkó ọjà wọlé nìkan. Ó wá bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà náà, ó ra ẹ̀rọ, ó sì ń ṣe é nílé. Bí ilé iṣẹ́ Eleganza ṣe délẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlá Adéọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1954, gba ìwé ẹ̀rí HND nínú ìṣirò owó ní Yaba College of Technology ní 1975. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Polí Ẹdẹ tó ń rò pé ìwé ẹ̀rí àwọn kò tó nǹkan lè rántí èyí. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn aṣírò owó àgbà, ilé iṣẹ́ Deloitte sì wà lára ibi tó ti kọ́ ọ, kó tó di pé òun àti Táyọ̀ Adérìnókun dá báńkì GTBank sílẹ̀ ní 1990. Ní 2000, ó dá àjọ FATE Foundation sílẹ̀ ní Èkó, kí àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò lè máa kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ti ṣe é rí.

Ẹ̀kẹta ni Olóyè Lawrence Ọmọ́lé, oníṣòwò ọmọ Iléṣà. Òun ló ṣíwájú ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ ọtí International Breweries ní 1971. Àwọn ọmọ Iléṣà mọ òwò, ṣùgbọ́n ọtí bíà pípọn kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá nílẹ̀ baba wọn. Wọ́n bá Brauhaase ti ilẹ̀ Jámánì ṣe àdéhùn pé kí wọ́n wá fi ìmọ̀ iṣẹ́ náà ràn wọ́n lọ́wọ́, ọtí àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá 1978. Ọdún méje ni wọ́n fi dúró. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè rà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, ìmọ̀ ni wọ́n rà.

Bí a bá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ tàbí ṣòwò nílé títí ó fi dá wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lo ìmọ̀ tó wà níwájú tiwọn, ì báà ti Èkó wá tàbí òkè òkun, wọ́n sì gbé e wá sílé.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Láìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti wádìí ọ̀rọ̀ náà wò láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Dandora, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, wọ́n pín àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣòwò kéékèèké sọ́nà. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí kíláàsì, wọ́n sì fi àwọn kan sọ́dọ̀ obìnrin tó ti ṣòwò pẹ́ ládùúgbò kan náà, kí wọ́n máa rí ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan. Ní 2018 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀. Èrè àwọn tó ní ọ̀gá fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lé sí i. Ti àwọn tó lọ sí kíláàsì kò yàtọ̀. Ohun tí àwọn ìyá ọlọ́jà náà fi kọ́ wọn kò ju ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lọ: ibi tí ọjà ti pọ́ọ́kú, ẹni tó yẹ kí wọ́n máa rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dẹ́kun àtimáa rí ara wọn ni èrè náà ń lọ sílẹ̀.

Ní Lomé, ní Tógò, wọ́n lo 1,500 ènìyàn tó ní òwò kéékèèké. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbi gbogbo. Wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní bí wọn yóò ṣe máa lo ìdánúṣe, kí wọ́n máa wá ohun tuntun ṣe, kí ìṣòro má sì tètè mú wọn juwọ́ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àbájáde tó jáde ní 2017, èrè àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìdánúṣe fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lé ju ti àwọn tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan lọ. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò mú irú rẹ̀ wá. Ní Nanchang, ní Ṣáínà, wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan, kí wọ́n máa sọ ìrírí wọn fún ara wọn. Ọjà tí wọ́n ń tà fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lé.

Ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju ohun tí Òṣómàáló ti mọ̀ tipẹ́ lọ: ẹni tó sún mọ́ni, tó mọ irú òwò tí a ń ṣe, tí a sì ń rí déédéé, wúlò ju olówó ńlá tí a kàn lọ bá ya fótò lọ.

Ibi tí ọ̀dọ́ lè gbà

Ọ̀nà tó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Polí Ẹdẹ jù lọ ni ètò SIWES, èyí tí àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lo oṣù mélòó kan níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá ti gba ND máa ń lo ọdún kan níbi iṣẹ́ kó tó padà wá ṣe HND. Ọ̀pọ̀ ló ń fi àkókò yìí ṣòfò, tí wọ́n kàn ń wá ẹni tí yóò bá wọn buwọ́ lu ìwé. Ẹni tó bá gbọ́n yóò lo ọdún yẹn lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe irú òwò tó wù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọn yóò máa fún un kò tó nǹkan.

Ètò FATE Foundation wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò. Bákan náà ni ti Tony Elumelu Foundation, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún 1,000 ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́, olùtọ́sọ́nà àti 5,000 dọ́là ìbẹ̀rẹ̀ òwò ní 2015. Elumelu fúnra rẹ̀ kò dá kọ́ iṣẹ́ báńkì. Lọ́dọ̀ Ebitimi Banigo ní Allstates Trust Bank ni wọ́n ti fún un ní ànfààní láti di ọ̀gá ẹ̀ka báńkì nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní ti òkè òkun, ètò Mandela Washington Fellowship kó 500 ọ̀dọ́ Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní 2014, tí iṣẹ́ òwò sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́. Kò sẹ́ni tó sanwó fún ajẹ́ntì láti wọ irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Níbi ọ̀rọ̀ ajẹ́ntì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń sọkún. Wọ́n á tẹ ìwé tó ń dán, wọ́n á ní àpérò àwọn oníṣòwò wà ní Dubai tàbí London, wọ́n á ní kí bàbá ta ilẹ̀ kó fi ra físà fún ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni àpérò náà, bó bá tilẹ̀ wà rárá. Ọmọ tí kò tíì ta nǹkan kan rí nílé, kí ló fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá níbẹ̀? Owó ilẹ̀ yẹn ì bá ra ẹ̀rọ fún un ní Ẹdẹ.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ó bèèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, ṣé irú òwò tí mo fẹ́ ṣe ni ó ń ṣe? Èkejì, ṣé yóò jẹ́ kí n rí ibi tí ó ti ń ra ọjà àti bí ó ṣe ń ṣírò owó? Ẹ̀kẹta, kí ni èmi náà lè ṣe fún un, tí kò fi ní rí mi bí ẹrù? Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí ẹnìkan sì ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ iye ọjà, orúkọ ọjà àti ohun tó kọ́ lójoojúmọ́ sí.

Bí àjò bá ti kàn, kí ó kọ́kọ́ lọ sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣe gàrí ní Ẹdẹ lè rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Kutonu, kó tó máa ronú nípa Ṣáínà. Kí ó mọ ìbéèrè tó fẹ́ bèèrè kó tó kúrò nílé, kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sì pé. Bí ó bá dé, kí ó má kó ọjà nìkan bọ̀. Kí ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí wọ́n fi ń dì í, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó má bàjẹ́.

Àwọn àgbà oníṣòwò náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọ̀gá tó fi ìwé owó rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ tó sìn ín tọkàntọkàn fún ọdún mẹ́ta ti rán ọmọ náà lọ sójú ogun láìfún un ní àpò ọfà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ iṣẹ́ tí a kò kọ́ lówò ni yóò padà wá máa ba owó ọjà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí kò mọ iye tó yẹ kó tà á. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ẹdẹ lè fi kún òfin wọn pé ọmọ kò ní gba fírídọ̀ọ̀mù títí tí yóò fi lè ṣàlàyé, níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, iye tí iṣẹ́ kan ń náni, iye tó yẹ kí a gbà fún un, àti ibi tí a ti ń ra ohun èlò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí tó ń kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù yóò tó ní ìtumọ̀.